Ọmọ mi mọ òfin ilé ẹ̀kọ́ sórí, ṣùgbọ́n kò mọ bí wọ́n ṣe ń tọrọ àyè

Ìyá Ìbejì, Adó-Èkìtì:

Ẹ̀yin Èkìtì Kéte, mo kí yín o. Mo kí ẹ̀yin àgbà tí ẹ ti ṣe iṣẹ́ olùkọ́ rí, mo sì kí gbogbo ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ kan ti wà lọ́kàn mi láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i.

Àkọ́bí mi, ẹ̀gbọ́n àwọn ìbejì, tó jẹ́ ọmọ ọdún 11, bẹ̀rẹ̀ JSS 1 ní sáà yìí ní ilé ẹ̀kọ́ kan tí kò jìnnà sí wa ní Ajílosùn. Lọ́jọ́ tí a lọ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n fún wa ní ìwé òfin olójú ewé méjì tí wọ́n kọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Èmi àti bàbá rẹ̀ fọwọ́ sí i, a sì dá ẹ̀dà kan padà fún wọn. Nígbà tí a délé, mo jókòó ti ọmọ náà, a sì ka òfin yẹn títí ó fi mọ̀ ọ́n sórí: akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ pẹ́ dé, akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ mú fóònù wá, akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ jáde nínú kíláàsì láìgba àyè, akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ sọ Yorùbá nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ àfi ní àkókò iṣẹ́ Yorùbá. Ọkàn mi balẹ̀ pé mo ti ṣe ojúṣe mi.

Ní Ọjọ́rú tó kọjá, ibà mú un nínú kíláàsì. Láti bí aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ni òtútù ti ń mú un, ó sì jókòó bẹ́ẹ̀ títí di aago méjì tí wọ́n jáde. Ó gbé orí lé tábìlì, olùkọ́ kan rò pé oorun ló ń sùn, ó sì ní kó dìde dúró. Ó dìde dúró títí iṣẹ́ olùkọ́ náà fi parí. Nígbà tí mo gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ara rẹ̀ gbóná débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fa ọwọ́ mi sẹ́yìn, kọ́là aṣọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ sì ti rin fún òógùn. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní, "Màámi, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé òtútù ń mú mi ní Gẹ̀ẹ́sì. Tí mo bá sì sọ ọ́ ní Yorùbá, wọ́n á kọ orúkọ mi, wọ́n á gba 50 náírà."

A ti tọ́jú rẹ̀, ara rẹ̀ sì ti yá. Kì í ṣe ẹjọ́ ilé ẹ̀kọ́ náà ni mo wá rò níbí, nítorí náà n kò dárúkọ wọn. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni èyí: kí ni ó yẹ kí òbí ṣe, kí sì ni ó yẹ kí ilé ẹ̀kọ́ ṣe, kí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ JSS 1 lè mọ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà pa òfin mọ́, yàtọ̀ sí kó kàn mọ òfin náà lórí ahọ́n?

Olùkọ́ JSS 1, Ìkẹ̀rẹ́:

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ewu ọmọ o, ẹ sì kú ìtọ́jú. Ọ̀rọ̀ yín dùn mí gan-an, nítorí pé mo mọ̀ pé irú rẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ lábẹ́ ojú àwa olùkọ́ kí a má sì rí i.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ìṣòro yìí ti ń wá. Ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, olùkọ́ kan náà ni ó máa ń wà pẹ̀lú ọmọ láti àárọ̀ di ọ̀sán. Olùkọ́ náà mọ bí ojú ọmọ ṣe máa ń rí tí inú bá ń run ún. Tí ọmọ yẹn bá ti wọ JSS 1, olùkọ́ mẹ́fà tàbí méje lè wọlé sí i lójúmọ́ kan, oníkálukú pẹ̀lú iṣẹ́ tirẹ̀, agogo á lù lẹ́yìn nǹkan bí 40 ìṣẹ́jú, olùkọ́ náà á kó ìwé rẹ̀, á sì jáde. Olùkọ́ tó ní kí ọmọ yín dìde dúró kò mọ̀ pé ó ti gbé orí lé tábìlì ní àkókò ẹni tó jáde ṣáájú òun. Ẹni tó yẹ kó mọ̀ ni olùkọ́ kíláàsì, ẹni tí ń pe orúkọ nínú rẹ́jísítà, ọmọ tuntun kì í sì í tètè mọ̀ pé ẹni yẹn ni ìyá tàbí bàbá òun nínú ilé ẹ̀kọ́.

Nítorí náà, ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, èmi máa ń kó àwọn ọmọ mi jáde ní kíláàsì, a ó sì fi ẹsẹ̀ rìn ín. Mo máa ń fi ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ibi tí omi wà, ọ́fíìsì àwọn olùkọ́ àti ibi tí àpótí oògùn wà hàn wọ́n. Lẹ́yìn náà, mo máa ń ní kí ọmọ kan ṣe bí ẹni tí ara rẹ̀ kò yá, kí a lè jọ ṣe gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: á nawọ́ sókè, á sọ fún olùkọ́ tó wà níwájú, mọ́nítọ̀ á sì mú un wá bá mi. Èmi á kọ orúkọ rẹ̀, aago tó jáde àti ohun tó ń ṣe é sínú ìwé ìjáde, olùkọ́ tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ á fọwọ́ sí i, a ó sì pe òbí. Ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá kò gbọdọ̀ dá kọjá géètì. Mo máa ń ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún wọn pẹ̀lú: ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ń sàmì sí rẹ́jísítà lójoojúmọ́, ní òwúrọ̀ àti ní ọ̀sán, ọmọ tí mo bá sì ti sàmì sí ní òwúrọ̀, ọwọ́ mi ni ó wà. Bí ohun kan bá ṣe é lójú títì, èmi ni wọn yóò bi.

Ní ti èdè, gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì mẹ́rin ni mo máa ń kọ́kọ́ kọ sára pátákó kí n tó kọ́ wọn ní ohunkóhun: pé ara mi kò yá, pé mo fẹ́ lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, pé ẹnì kan ń yọ mí lẹ́nu, pé ẹ jọ̀ọ́, ohun tí ẹ sọ kò yé mi. Mo sì ti sọ ọ́ ní gbangba pé ẹni tí ara ń ni tàbí tí wọ́n ń lù lè sọ ọ́ ní Yorùbá tàbí ní ẹnu ìlú rẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò kọ orúkọ rẹ̀.

Bàbá Ìkọ̀lé:

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìnáwó ìtọ́jú. Mo bá yín kẹ́dùn, ṣùgbọ́n n óò sọ èrò ọkàn mi. Nígbà tiwa, wọn kì í ṣàlàyé òfin fún wa. Agogo lù, a sáré. Wọ́n ní kí a gé koríko, a mú àdá. Ohun tí ó ń bà mí lẹ́rù nípa àlàyé púpọ̀ ni pé ọmọ òde òní yóò sọ ọ́ di àríyànjiyàn, yóò máa bi olùkọ́ pé kí ni ìdí tí òun fi gbọdọ̀ gé irun tàbí kí òun ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Mo ti rí i lọ́dọ̀ àwọn ọmọ tèmi. Ní ti Yorùbá tí wọn kò jẹ́ kí wọ́n sọ, ẹ rántí pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń bi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìbéèrè nínú ìdánwò àṣejáde JSS 3. Bí ọmọ kò bá máa sọ ọ́, níbo ni yóò ti mọ̀ ọ́n? Ilé ló yẹ kí a ti kọ́ ọmọ ní ìgboyà, kí ó lè la ẹnu rẹ̀ níta.

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, Ìjerò:

Mo kí yín o, ẹ̀yin ọmọ mi. Bàbá Ìkọ̀lé, mo bọ̀wọ̀ fún yín, mo sì gbà pé ọmọ kò gbọdọ̀ sọ òfin di àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kò jiyàn kankan. Ó gbọ́ràn débi pé ó fi wákàtí mẹ́rin gbọ̀n lórí ìjókòó. Ohun tó ń dùn mí gan-an nìyẹn, pé ìgbọ́ràn ni ọmọ náà fi jìyà.

Ìyá Ìbejì, ìgbákejì ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ni mo jẹ́ kí n tó fẹ̀yìn tì, ohun tí mo rí jù lọ láàárín àwọn ọmọ kéékèèké kì í sì í ṣe àìsàn nìkan. Àwọn àgbà akẹ́kọ̀ọ́ a máa gba oúnjẹ lọ́wọ́ wọn, wọn a sì máa rán wọn níṣẹ́ jáde nínú ọgbà. Ọmọ yóò mọ̀ pé kò dára, ṣùgbọ́n kò ní sọ, nítorí pé a ti kọ́ ọ nílé pé òfófó burú. Àwa òbí kò fi ìyàtọ̀ hàn wọ́n. Òfófó ni kí o gbé ọ̀rọ̀ ẹlẹ́gbẹ́ rẹ kiri láti bà á jẹ́. Bí ẹnì kan bá ń gba gaàrí lọ́wọ́ rẹ lójoojúmọ́, tí o sì lọ sọ fún olùkọ́ rẹ, ẹjọ́ ni o rò, ẹ̀tọ́ rẹ sì ni. Ẹ sọ eléyìí fún ọmọ yín lálẹ́ òní, kí ẹ sì dárúkọ ẹni tí yóò lọ sọ fún.

Ní ti ìjẹniníyà, nígbà tiwa, ìwé kan wà ní ọ́fíìsì tí a ń kọ ọ́ sí: orúkọ ọmọ, ohun tó ṣe, ìyà tí a fi jẹ ẹ́, ẹni tó fi jẹ ẹ́. Ìwé yẹn kò jẹ́ kí olùkọ́ fi ìbínú na ọmọ, nítorí pé ó mọ̀ pé òun yóò fi ọwọ́ ara òun kọ ọ́. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 sì sọ pé a kò gbọdọ̀ fi ìyà tó ń tàbùkù ẹni jẹ ọmọdé. Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti ọdún 2004 wá sọ pé ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́ ọdún 9 àkọ́kọ́ títí dé òpin JSS 3, ó sì di ọ̀ranyàn. Òbí tí kò bá rán ọmọ lọ, ìkìlọ̀ ni wọn yóò kọ́kọ́ fún un, bí ó bá tún ṣe é, owó ìtanràn 2,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù kan. Bí ìjọba bá ti sọ ọ́ di ọ̀ranyàn fún òbí láti mú ọmọ wá, ọ̀ranyàn ni fún àwa náà láti jẹ́ kí ibẹ̀ ṣeé gbé fún ọmọ náà.

Ọ̀rọ̀ 50 náírà yẹn kò tọ́, n kò sì ní fi epo bọ iyọ̀. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún 6 ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ wọ̀nyẹn kò gbẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Bàbá Ìkọ̀lé, ó dára kí ọmọ mọ Gẹ̀ẹ́sì fún ìdánwò, ṣùgbọ́n olùkọ́ ni yóò kọ́ ọ. Owó ìtanràn kò kọ́ ọmọ ní gbólóhùn kan rí. Ìyá Ìbejì, ẹ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́, ẹ má bínú sọ ọ́, ẹ sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an bí ẹ ṣe sọ ọ́ fún wa. Kí ẹ tó lọ síbẹ̀, ẹ kọ́kọ́ rí olùkọ́ kíláàsì rẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Adó-Èkìtì:

Bàbá wa ní Ìjerò, mo kúnlẹ̀ dúpẹ́. Olùkọ́ wa ní Ìkẹ̀rẹ́, ẹ ṣeun, Olúwa yóò wo àwọn ọmọ yín. Bàbá Ìkọ̀lé, mo gbọ́ ti ìgboyà tí ẹ wí, òótọ́ ni, mo sì rí ibi tí mo ti kù síbẹ̀.

Mo lọ rí olùkọ́ kíláàsì rẹ̀ lánàá. Obìnrin jẹ́ẹ́jẹ́ ni. Kò mọ̀ pé ọmọ náà ṣàìsàn, àfi ìgbà tí kò rí i ní Ọjọ́bọ̀ tó sì fi àmì àìwá sí i. Ó pe ọmọ náà jáde, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì mú un dé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì àwọn olùkọ́, ó ní, "Àga kẹta láti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, èmi ni mò ń jókòó síbẹ̀. O lè wá nígbàkigbà." Ọmọ náà kò sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n mo rí i tó ń ka àwọn àga náà. Lálẹ́ àná, a kọ àwọn gbólóhùn mẹ́rin yẹn sí ẹ̀yìn ìwé rẹ̀, a sì fi ìkarùn-ún kún un, pé òtútù ń mú mi. Ọ̀rọ̀ owó ìtanràn ni ó kù. Ìpàdé àwọn òbí yóò wáyé ní Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, bàbá rẹ̀ sì ti ní òun yóò gba àyè níbi iṣẹ́ kí a lè jọ lọ.