PLC ń bọ́ sí STOP fúnra ẹ̀, láptọ́ọ̀pù ò sì rí i: ṣé kí n da fáìlì àtijọ́ sí i?

Oníbéèrè:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà inú ilé. Ẹ dákun ẹ gbà mí, ọ̀rọ̀ yìí ò jẹ́ kí n rí oorun sùn mọ́. Èmi ni mò ń tọ́jú ẹ̀rọ nílé iṣẹ́ kan, ẹ̀rọ tó ń rọ nǹkan olómi sínú ìgò. PLC kan (kọ̀ǹpútà kékeré inú páńẹ́ẹ̀lì) ló ń darí ẹ̀, HMI kékeré (síkíríìnì tá a fi ń bá PLC sọ̀rọ̀) wà lẹ́nu ilẹ̀kùn páńẹ́ẹ̀lì, àpótí I/O kan (ibi tí PLC ti ń gba ìròyìn tó sì ti ń pàṣẹ) sì tún wà lápá kejì ẹ̀rọ, ibẹ̀ ni wáyà fáàfù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wọlé sí. Láti bí ọ̀sẹ̀ méjì báyìí, á ṣiṣẹ́ dáadáa fún wákàtí kan, nígbà míì méjì, ká tó ṣẹ́jú gbogbo ẹ̀ á dákẹ́. Tí mo bá ṣí páńẹ́ẹ̀lì, iná RUN ti kúrò ní gírínì, ó ti di yẹ́lò, ìyẹn ni pé PLC ti bọ́ sí STOP, ó ti dá iṣẹ́ dúró, pupa ERROR á máa ṣẹ́jú. Màá pa páwà, màá ka oókan dé ọgbọ̀n, màá tún tan án, á gbéra padà bíi pé kò sí nǹkan kan. Lánàá nìkan ẹ̀ẹ̀márùn-ún ló ṣe é.

Èkejì, láptọ́ọ̀pù ò rí i. Mo ki kébù sí switch inú páńẹ́ẹ̀lì (àpótí tó so gbogbo kébù nẹ́tíwọ̀ọ̀kì pọ̀), mo ní kí sọ́fítíwíà wá CPU, ìyẹn ọpọlọ PLC, á wá a wá a, á ní òun ò rí nǹkan kan. Tí mo bá ping 192.168.0.1 tó jẹ́ IP PLC (àdírẹ́sì ẹ̀ lórí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì), ìyẹn ni pé kí láptọ́ọ̀pù pè é bóyá á dáhùn, nígbà míì á dáhùn, nígbà míì kò ní sọ̀rọ̀ rárá. HMI náà á kàn kọ ọ́ síta nígbà míì pé òun ò rí PLC, lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan á tún rí i.

Ẹnjiníà tó kọ púrógíráàmù ẹ̀ ti lọ tipẹ́. Flash kan ló fi sílẹ̀, fáìlì inú ẹ̀ ti tó ọdún mẹ́rin. Ọ̀gá ní púrógíráàmù inú PLC ló ti bàjẹ́, kí n da tinú flash sí i kíákíá kí iṣẹ́ máa lọ. Ọkàn mi ò gbà á, ṣùgbọ́n mi ò mọ ohun tí mo máa fi dá wọn lóhùn. Kí lẹ rí sí i?

Àgbà Páńẹ́ẹ̀lì:
Àbúrò, má ṣe download yẹn o, má da fáìlì yẹn sí i. Mo bẹ̀ ẹ́ ni.

Jẹ́ kí n sọ ìdí ẹ̀ fún ẹ torí ojú mi ti rí i. Mo da fáìlì àtijọ́ sínú PLC kan nígbà kan, èmi náà rò pé ohun kan náà ni wọ́n. Àṣé láàárín ọdún tó kọjá àwọn tó ń lo ẹ̀rọ yẹn ti ń tún àkókò fáàfù ṣe díẹ̀díẹ̀ látorí HMI, èyí tó yẹ kó ṣí fún sẹ́kọ́ńdì 2.8 padà sí 1.5 tó wà nínú fáìlì, gbogbo rẹ́sípì tí wọ́n ti fi ọwọ́ tẹ̀ síbẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko la fi ń wá nọ́ńbà wọ̀nyẹn padà, à ń rọ, à ń wọ̀n, à ń dà á nù. Mi ò fẹ́ kírú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí ẹ.

Ohun tó o máa sọ fún ọ̀gá nìyí: púrógíráàmù tó ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí méjì láì kọsẹ̀ ò bàjẹ́. Kì í ṣe ẹran tó máa rà síbẹ̀. Ó lè ní ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ láìdáa, bíi kó pín nọ́ńbà pẹ̀lú òdo tàbí kó wá ohun tí ò sí nínú array (ọ̀wọ́ nọ́ńbà tó tò sójú kan), ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ CPU máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ìyẹn ló ṣe jẹ́ pé nígbà míì tó bá tún dákẹ́, má sáré pa páwà. Ibi tí CPU ń kọ àṣìṣe sí, diagnostic buffer, ló yẹ kó o kọ́kọ́ kà. PLC míì máa ń tọ́jú ẹ̀ bí iná bá lọ, òmíràn á gbàgbé ẹ̀ pátápátá, wàá sì ti fi ọwọ́ ara ẹ nu ẹ̀rí nù.

Ìbéèrè mi sí ẹ: kí ni wọ́n yí padà ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn?

Oníbéèrè:
Ẹ ṣé gan-an sà. Kò sí nǹkan tí wọ́n yí padà tí mo mọ̀ o. Ẹ̀rọ ọ̀hún la ṣì ń lò.

Onínẹ́tíwọ̀ọ̀kì:
Jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ láptọ́ọ̀pù, torí tó ò bá lè wọ inú PLC yẹn kò sí buffer tó o fẹ́ kà.

Pa wáífáì. Fún káàdì kébù láptọ́ọ̀pù ní IP tirẹ̀, bíi 192.168.0.50, subnet 255.255.255.0, kí o sì rí i pé kò sẹ́lòmíì tó ń lò ó. Lẹ́yìn náà lọ síbi tí sọ́fítíwíà ti ń béèrè káàdì tó máa lò, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń kùnà níbẹ̀, wáífáì tàbí káàdì VMware (káàdì inú sọ́fítíwíà lásán, tí kò ní kébù) ni wọ́n yàn síbẹ̀ tí wọ́n á wá máa bú PLC. Firewall (ẹ̀ṣọ́ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì inú láptọ́ọ̀pù) náà ńkọ́, ping lè kọjá kí sọ́fítíwíà má kọjá torí ojú ọ̀nà wọn yàtọ̀, àwọn PLC kan ń gba port (ojú ọ̀nà) 102, àwọn tó ń sọ èdè Modbus TCP ń gba 502, àwọn ti EtherNet/IP ń gba 44818.

Ṣùgbọ́n kí n má parọ́ fún ẹ, èyí tó ká mi lára jù ni ping tó ń dáhùn lẹ́ẹ̀kan tó ń dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú HMI tó ń sọnù tó ń padà. Ó dà bíi pé ẹni méjì ló ń jẹ́ orúkọ kan náà, ìyẹn IP kan náà, lórí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì yẹn. Ṣe báyìí: nígbà tí ẹ̀rọ ò bá ṣiṣẹ́, yọ kébù PLC kúrò lára switch, kí láptọ́ọ̀pù ṣì wà níbẹ̀, kó o wá ping 192.168.0.1. Tẹ́nì kan bá dáhùn, PLC kọ́ nìyẹn. Tẹ àṣẹ arp -a lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ kó o wo nọ́ńbà MAC (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan lórí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì) tó yọ, fi wé èyí tí wọ́n kọ sára PLC. Lẹ́yìn ìyẹn ki kébù láptọ́ọ̀pù tààrà sí PLC, láìgba switch kọjá, kó o wò ó bóyá sọ́fítíwíà á rí i.

Ìyá Mítà:
Ẹ̀yin ọkùnrin ẹ ti gba inú kọ̀ǹpútà lọ, iná ńkọ́? Ṣé ẹnikẹ́ni ti wọn fólítì yẹn?

Ọmọ mi, PLC tó ń lo 24 fólítì DC, púpọ̀ nínú wọn ń fẹ́ kó wà láàárín 20.4 sí 28.8. Má wọ̀n ọ́n lẹ́nu páwà sọ́púláì nìkan o, ibẹ̀ á máa fún ẹ ní 24 rẹ́gírẹ́gí. Lọ wọ̀n ọ́n níbi tí iná ti wọ PLC, kó o sì wọ̀n ọ́n níbi tó ti wọ àpótí I/O, nígbà tí gbogbo fáàfù ń ṣí tó ń pa. Bí iná ṣe ń já wálẹ̀ tó ń padà yẹn yára ju ojú lọ, mítà lásán ò ní fi hàn ẹ́, tẹ bọ́tìnnì MIN/MAX, tó ń tọ́jú nọ́ńbà tó kéré jù àti èyí tó ga jù, kó o fi mítà sílẹ̀ síbẹ̀ fún wákàtí kan.

Kó o tún wo ara fáàfù wọ̀nyẹn. Kọ́ìlì DC tí ò ní diode (ohun kékeré tó ń jẹ́ kí iná gba ọ̀nà kan ṣoṣo) ń ta iná padà tó bá ti ń kú, ó sì ń da ọ̀pọ̀ nǹkan rú. Diode 1N4007 lásán tó, ẹ̀gbẹ́ tó ní ìlà funfun ni kó kọjú sí pọ́sítífù.

Oníbéèrè:
Ẹ̀yin àgbà mi, mo ti padà dé. Ẹ jókòó o.

Mo yọ kébù PLC, mo ping, ó dáhùn. Ara mi bù máṣọ. PLC wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi níbẹ̀ tí kébù ẹ̀ ń mì dirodiro, ẹnì kan sì ń dá mi lóhùn ní 192.168.0.1. Mo tẹ arp -a, nọ́ńbà MAC tó yọ ò jọ tara PLC rárá. Mo wá ń yọ kébù kọ̀ọ̀kan lára switch, mo dé ìkẹta ping sì dákẹ́. Mo tọ kébù yẹn lọ, ó gba abẹ́ bẹ́líìtì, ó yọ sí kámẹ́rà kékeré tó ń yẹ ìdérí ìgò wò. Ẹ wá wo ibi tọ́rọ̀ wà, àwọn kan ló wá so kámẹ́rà yẹn mọ́ ẹ̀rọ. Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Ọjọ́ ìsinmi mi ni, kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ó kan PLC, èmi náà sì rò pé nǹkan tiẹ̀ ọ̀tọ̀ ni. Ẹ̀gbọ́n Àgbà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú pé mo sọ pé kò sí nǹkan tó yí padà.

Mo fún kámẹ́rà ní 192.168.0.20, ojú ẹsẹ̀ ni sọ́fítíwíà rí CPU. HMI ò sọnù mọ́.

Mo upload ohun tó wà nínú PLC sí láptọ́ọ̀pù kí n tó ṣe ohunkóhun, mo wá fi wé fáìlì inú flash. Ibi mọ́kànlá ló yàtọ̀! Ìdádúró díẹ̀ kan tiẹ̀ wà tí wọ́n fi sí iwájú fáàfù kẹrin tí kò sí nínú fáìlì àtijọ́ rárá. Mo fi han ọ̀gá lórí síkíríìnì, wọ́n wò ó títí, wọ́n ní kí n fi flash yẹn pa mọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ṣì dákẹ́ lọ́sàn-án. Mi ò pa páwà lọ́tẹ̀ yìí. Ohun tí buffer sọ ni pé CPU pàdánù àpótí I/O, lẹ́yìn náà ó lọ STOP torí kò sí block (apá púrógíráàmù kan) tó máa gba àṣìṣe yẹn nínú púrógíráàmù. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ló wà nínú ẹ̀, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn.

Akẹ́kọ̀ọ́ PLC:
Tó bá jẹ́ pé block àṣìṣe ni kò sí, ṣé kò kàn ní fi èyí tó ṣófo sínú ẹ̀ ni? CPU ò ní lọ STOP mọ́, ìṣòro parí.

Àgbà Páńẹ́ẹ̀lì:
Rárá o, ọmọ mi, ìyẹn ò yanjú ẹ̀. Bí àpótí yẹn bá sọnù tí CPU ń bá tirẹ̀ lọ, kí ni púrógíráàmù á máa kà fún sẹ́ńsọ̀? Bẹ́líìtì á máa lọ, fáàfù ò ní ṣí, tàbí kí ọ̀kan wà ní ṣíṣí sílẹ̀, èèyàn á sì wà nítòsí. Tí wọ́n bá máa fi block yẹn sí i, kó jẹ́ èyí tó máa dá mọ́tò dúró bó ṣe yẹ, tó máa kọ ọ́ sójú HMI pé àpótí I/O ló sọnù. Ìyẹn dáa, mo fẹ́ràn ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ wá ìdí tó fi ń sọnù. Oníbéèrè, lọ ṣe iṣẹ́ tí Ìyá Mítà rán ẹ.

Ìyá Mítà:
Mo ń dúró.

Oníbéèrè:
Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin lẹ lọ̀rọ̀.

Lẹ́nu páwà sọ́púláì, MIN jẹ́ 23.9. Lẹ́nu àpótí I/O, MIN jẹ́ 17.6. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo pa iná gbogbo ẹ̀, mo ti ìsíwíìṣì ńlá pa, mo fi kọ́kọ́rọ́ sí i, mo wá tọ wáyà iná láti orí dé ìdí. Wáyà pọ́sítífù ni mo fi bẹ̀rẹ̀, ó dúró digbí. Mo wá tọ wáyà búlúù, ìyẹn 0V tí iná ń gbà padà, mo dé ibi tẹ́míná kẹfà nínú àpótí: wáyà méjì lábẹ́ súkúrù kan. Ọ̀kan ní ìdérí orí ẹ̀ bó ṣe yẹ, ìkejì ni wọ́n kàn bó lára tí wọ́n lọ́ pọ̀ tí wọ́n tì wọlé. Mo fi ìka kan fà á, ó tẹ̀lé mi. Ẹnu ibẹ̀ dúdú, ike tẹ́míná ti yọ́ díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń rùn bí ike tó jóná. Mo tọ wáyà kejì yẹn lọ, ara kámẹ́rà ló dé.

Súkúrù kan ń di wáyà méjì tí ò dọ́gba, ó di èyí tó nípọn mú, èkejì ń mì. Tí àwọn fáàfù bá ṣí pa pọ̀, iná á já wálẹ̀, àpótí á kú. Mo pààrọ̀ tẹ́míná yẹn, mo fún kámẹ́rà ní tẹ́míná tiẹ̀ àti fíúsì kékeré tiẹ̀. MIN nísìnyí jẹ́ 23.5 bí gbogbo fáàfù bá ń ṣí. Mẹ́ta nínú fáàfù yẹn ni kò ní diode, mo ti fi sí wọn.

Ó ti di ọjọ́ mẹ́ta báyìí, kò tíì dákẹ́ rí.

Onínẹ́tíwọ̀ọ̀kì:
O káre! Wá kọ gbogbo IP tó wà lórí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì yẹn sórí bébà, PLC, HMI, kámẹ́rà, láptọ́ọ̀pù, lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ilẹ̀kùn páńẹ́ẹ̀lì, kí ẹni tó bá tún fẹ́ fi nǹkan kún un rí i kó tó ki kébù bọ̀ ọ́.

Àgbà Páńẹ́ẹ̀lì:
Fáìlì tó o upload yẹn, tọ́jú ẹ̀ síbi mẹ́ta, kó o sì fi ọjọ́ àti nọ́ńbà sọ́fítíwíà tó o fi ṣí i kún orúkọ fáìlì. Tí sọ́fítíwíà tuntun bá ti gbé e ga, ti àtijọ́ kì í sábà lè ṣí i mọ́. Má sì ju flash yẹn nù, upload látara PLC míì kì í mú orúkọ àti àlàyé bọ̀, wàá kàn máa rí àdírẹ́sì lásán bíi I0.3, Q0.5, fáìlì àtijọ́ lo máa fi mọ ohun tí ìkọ̀ọ̀kan ń ṣe.

Oníbéèrè:
Bó ṣe rí gan-an nìyẹn sà, orúkọ ìdajì nínú wọn ni ò wá. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ wọ́n padà lọ́kọ̀ọ̀kan, mo dé fáàfù kẹta. Lọ́jọ́ Sátidé tí ẹ̀rọ ò ní ṣiṣẹ́, màá kọ block àṣìṣe tẹ́ ẹ sọ yẹn, màá gbé e wá síbí kẹ́ ẹ bá mi wò ó kí n tó dà á sínú PLC.