Ta ni kí ó máa ṣe àsọyé ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Ilé-Ifẹ̀: ọ̀mọ̀wé ni àbí àgbà agbo ilé?

Àkànjí Olùkọ́
Ẹ̀yin èèyàn mi, mo kí yín o. Àwa olùkọ́ mélòó kan ní Ilé-Ifẹ̀ ń gbèrò láti lọ bá àwọn aláṣẹ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà ní Ẹnuwá, lẹ́bàá ààfin Ọọ̀ni, pé kí wọ́n fún wa láyè láti máa ṣètò àsọyé fún gbogbo ará ìlú lóṣooṣù, lórí àṣà, ìtàn àti àyíká wa. Láti ọdún 1954 ni ilé náà ti wà, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú kò wọ ibẹ̀ rí, àfi ìgbà tí wọ́n kó wọn lọ láti ilé-ìwé. Ẹni tí yóò máa sọ̀rọ̀ ló dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín wa. Àwọn kan ní ọ̀mọ̀wé nìkan ni kí a pè, nítorí pé ẹ̀rí ló wà lọ́wọ́ wọn. Àwọn kan ní bí a kò bá pe àwọn àgbà agbo ilé àti àwọn àwòrò, a fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá. Kí ni ẹ rí sí i, kókó wo ni kí a sì fi bẹ̀rẹ̀?

Ọmọ Ìlódè
Ẹ kú làákàyè, sà. Èmi kò rí ìdí tí a ó fi mú ọ̀kan kí a fi èkejì sílẹ̀. Ẹ wo ọ̀rọ̀ Igbó Olókun tó wà ní Ilé-Ifẹ̀ níbí. Ní 1910, Leo Frobenius ará Jámánì dé ibẹ̀, ó rí ìlẹ̀kẹ̀ díńgí àti àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ díńgí, ṣùgbọ́n nígbà tó máa sọ ẹni tó ni ọgbọ́n iṣẹ́ ọnà Ifẹ̀, àwọn Gíríìkì ayé àtijọ́ ló gbé e fún. Bẹ́ẹ̀, ìtàn àtẹnudẹ́nu ti so Olókun mọ́ ìlẹ̀kẹ̀ àti ọrọ̀ tipẹ́tipẹ́. Nígbà tí Ọ̀mọ̀wé Abidemi Babatunde Babalola àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá gbẹ́ ilẹ̀ náà, tí wọ́n sì yẹ èròjà díńgí ọ̀hún wò, wọ́n rí i pé ohun tó wà ní àyíká ni wọ́n fi ṣe é, láàárín sẹ́ńtúrì 11 sí 15. Àwọn àfọ́kù ìkòkò náà ń bẹ tí díńgí aláwọ̀ búlúù ṣì lẹ̀ mọ́ nínú, bí ọbẹ̀ tó jóná ṣe ń lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ ìkòkò. Kí ọ̀mọ̀wé kan àti ìyá kan tó ń sin ìlẹ̀kẹ̀ jọ jókòó síwájú ohun bẹ́ẹ̀, kí àwọn méjèèjì sọ ohun tí wọ́n mọ̀.

Adéọlá
Mo fara mọ́ èyí, àmọ́ kí a má sọ àsọyé di ibi tí a ti ń ki ara wa ní oríkì. Ibi tí ìtàn àti ẹ̀rí kò ti bára mu gan-an ni ọ̀rọ̀ ti ń dùn. Wọ́n sọ fún wa pé Lúwòó, obìnrin tó jẹ Ọọ̀ni, ló ní kí wọ́n fi àfọ́kù ìkòkò tẹ́ ilẹ̀ ìlú, kí ẹrẹ̀ má baà kan òun lẹ́sẹ̀. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ wo ilẹ̀ náà yóò rí i pé ńṣe ni wọ́n na àfọ́kù wọ̀nyí ró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí wọ́n sì to òkúta wẹẹrẹ funfun sí i níbòmíràn. Ṣùgbọ́n irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ wà ní àwọn ìlú tó jìnnà sí Ifẹ̀. Ṣé àṣẹ ọba kan ṣoṣo ló dé gbogbo ibẹ̀ ni? Kí àgbà àti ọ̀mọ̀wé dáhùn rẹ̀ lójú gbogbo wa, kí wọ́n sì sọ ọ́ ní Yorùbá. Mo ti jókòó níbi àsọyé kan rí tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kàn ń ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì lọ láìgbójú sókè, tí àwọn ìyá tó wá láti ọjà sì ń tòògbé.

Ní ti kókó àkọ́kọ́, àwọn orí idẹ tí wọ́n rí ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ifẹ̀ ni mo fara mọ́. Àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ló bá wọn nínú ilẹ̀ ní 1938. Ọ̀kan ṣì wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù. Méjì tó bọ́ sọ́wọ́ William Bascom ará Amẹ́ríkà padà wálé ní 1950. Ẹ kàn sọ ìyẹn, kí ẹ wo bí ìbéèrè yóò ṣe máa rọ́ wọlé.

Ọmọ Òṣómàáló
Ẹ̀yin ará Ifẹ̀, láti Iléṣà ni mo ti ń kí yín. Olùkọ́ mẹ́nu ba àyíká, kò sì sí ẹni tó dá a lóhùn. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó jẹ́ ti ẹranko, ewéko àti òkúta wà nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ níbẹ̀ yẹn. Ẹ pe àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kí wọ́n wá sọ̀rọ̀ nípa góòlù. Góòlù wà nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ní Ìperíndó àti Ìtagúnmódì, àwọn awakùsà sì ti da omi Odò Ọ̀ṣun rú títí ó fi pọ́n bí a ṣe ń wò ó, odò kan náà tó gba inú igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí àjọ UNESCO kọ mọ́ àwọn ohun àjogúnbá ayé ní 2005, kọjá. Àṣà, ìtàn àti àyíká pé sínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí, ó sì kan ẹni tó ń pọn omi náà ju orí idẹ lọ.

Ẹ má fi àsọyé sí ọjọ́ Sátidé, nítorí ẹ kò lè bá òde ìgbéyàwó du èrò. Kí ẹ sì ti bá àwọn aláṣẹ yanjú ọ̀rọ̀ owó ìwọlé kí ẹ tó kéde fún ẹnikẹ́ni. Ẹ mọ̀ pé Ìjẹ̀ṣà kì í gbàgbé ọ̀rọ̀ owó.