Rédíò ni àbí WhatsApp? Èwo lẹ̀ ń gbà gbọ́ tí ìbò bá ti ń sún mọ́lé?

ỌmọMọ́kọ́lá:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará. Bàbá mi ti lé láàádọ́rin ọdún, àràárọ̀ ni wọ́n ń gbọ́ kókó inú ìwé ìròyìn lórí rédíò, ohun tí rédíò ò bá tíì sọ, irọ́ ni lójú tiwọn. Bẹ́ẹ̀ rédíò tí wọ́n ń gbọ́ yẹn, tọ́rọ̀ bá ti kan gómìnà pẹ́nrẹ́n, orin ni wọ́n máa fi sí i. Àbúrò mi ní tiẹ̀, fóìsì nóòtì yòówù tó bá ti wọlé sórí WhatsApp òótọ́ ni, títí kan èyí tí ò lórúkọ tí ò nílùú. Inú ilé kan náà ni wọ́n wà o, ìjà ni lójoojúmọ́! Níbo gan-an lèèyàn ti fẹ́ rí òótọ́ tó máa fi dìbò?

Ìyá Ìbejì:
Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára. Ní October 2020, orí Instagram DJ Switch la ti ń wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní Lekki toll gate lójú ẹsẹ̀, mi ò lè sùn lóru yẹn. Channels, AIT àti Arise náà ń gbé ọ̀rọ̀ EndSARS, NBC, àjọ ìjọba tó ń ṣàmójútó rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, ní fídíò orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọn ò wádìí ni wọ́n lò, ló bá bu mílíọ̀nù 3 náírà lé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

BàbáÒkèÀdó:
Òótọ́ lẹ sọ Ìyá Ìbejì, kò dẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. 1953 tí gómìnà òyìnbó, Macpherson, sọ̀rọ̀ sí Awólọ́wọ̀ àtàwọn èèyàn ẹ̀ lórí rédíò, Awólọ́wọ̀ ní kóun náà fèsì, wọ́n kọ̀. Ìyẹn wà lára ohun tó jẹ́ kí ìjọba West dá tẹlifíṣọ̀n WNTV sílẹ̀ n'Ìbàdàn lọ́dún 1959. Nígbà Abacha, Radio Kudirat, rédíò àwọn tó ń ta ko ìjọba ológun, la máa ń wá lórí shortwave, a ó yí ohùn ẹ̀ wálẹ̀ kí aládùúgbò má baà gbọ́. Twitter tí ìjọba tì ní June 2021 títí di January 2022 nkọ́? Ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ni kẹ́ ẹ máa wò.

Ajẹ́ntìYúnìtì:
Ẹ jẹ́ n sọ tojú mi. Mo ṣe ajẹ́ntì pátì ní February 25, 2023. IReV, ìkànnì íntánẹ́ẹ̀tì tí INEC ní àwọn máa gbé èsì sí, ti ààrẹ ò gòkè lálẹ́ ọjọ́ yẹn, àmọ́ mo ti ya fọ́tò fọ́ọ̀mù èsì yúnìtì wa, EC8A, tá a sáìn. Kílẹ̀ tó ṣú ẹnì kan ti ń pín fígọ̀ míì kiri pé ti yúnìtì wa ni, mo bá ju fọ́tò mi sí gúrúùpù àdúgbò, ariwo náà rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà tí ò sí lórí WhatsApp ò gbọ́ rárá, àfìgbà tẹ́nì kan pe ètò àárọ̀ lórí rédíò tó ka iye náà síta. Ìgbà yẹn ni wọ́n gbà.

ỌmọMọ́kọ́lá:
Ẹ ṣé gan-an. Bàbá mi náà máa ń sọ ti Radio Kudirat yẹn, mi ò mọ̀ pé ibẹ̀ ni ìfẹ́ rédíò wọn ti wá. Ajẹ́ntì ẹ jọ̀ọ́, èmi tí mi ò sí nínú pátì kankan, ṣé wọ́n máa jẹ́ kí n ya fọ́tò èsì ní 2027?

Ajẹ́ntìYúnìtì:
Ìwé èsì tó ń jẹ́ EC60E ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri ní yúnìtì, torí kí gbogbo èèyàn lè rí i ni wọ́n ṣe ń lẹ̀ ẹ́, ẹ yà á dáadáa. Ibi tẹ́ ẹ ti ń tẹ̀ka nìkan lẹ ò gbọ́dọ̀ mú fóònù dé.