Mo ti pé ọdún 37, mo fẹ́ kọ́ṣẹ́ títún laptop ṣe: kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Ìyá Tóyìn, Abẹ́òkúta
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará mi. Mo níṣẹ́ tí mò ń ṣe láàárọ̀, ìrọ̀lẹ́ àti Sátidé nìkan ni mo ráyè. Ẹnì kan ní kí n lọ ra hot air (ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná láti yọ́ sọ́dà) lójú ẹsẹ̀, ẹlòmíì ní kí n gba CompTIA A+ (ìwé-ẹ̀rí àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe), ẹlòmíì ní kí n wá ọ̀gá sí Computer Village ní Ìkẹjà. Ẹ jọ̀wọ́, èwo ló kàn?

Bọ̀dá Rẹ̀mí
Ẹ kú ìmúra, Ìyá Tóyìn. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ hot air tì ná. Iṣẹ́ tó máa kọ́kọ́ wọlé ni yíyọ hard disk láti fi SSD (ibi ìpamọ́ fáìlì tó yára jù ú lọ) sí i, pípààrọ̀ bátìrì, kíbọ́ọ̀dù tàbí ojú laptop, fífọ fáànù tí eruku ti dí, àti gbígbé Windows sí i. Kò sí èyí tó fẹ́ sọ́dà níbẹ̀. Ẹ ra sikudiráfà PH0, PH00 àti Torx T5, pílásítíìkì pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń ṣí ẹ̀yìn laptop, thermal paste (èyí tí wọ́n ń fi sórí prósẹ́sọ̀ kí ooru lè jáde), ọtí isopropyl 99%, okùn USB sí SATA (tí wọ́n fi ń so hard disk mọ́ laptop mìíì), flash tí kò dín ní 8GB, àti mítà tí wọ́n fi ń wọn iná.

Mítà yẹn gan-an niṣẹ́. Bí laptop ò bá tàn rárá, ṣájà ni kí ẹ kọ́kọ́ wọ̀n. Ẹ yí mítà sí DC 200. Púpọ̀ nínú ṣájà HP àti Dell ń gbé 19.5V jáde, ti Lenovo jẹ́ 20V. Tí ẹ bá yí i sí 20, mítà mìíì á kàn kọ "1" sójú, ẹ ó sì rò pé ṣájà ti kú. Ti Type-C yàtọ̀: kì í tú iná sílẹ̀ àfi tó bá ti bá laptop sọ̀rọ̀, nítorí náà òdo tí mítà bá kọ kò sọ pé ó bàjẹ́. Ṣájà míì ni kí ẹ fi dán laptop náà wò.

Tí ṣájà bá dáa, ẹ yọ ọ́, ẹ ṣí ẹ̀yìn, ẹ yọ okùn bátìrì lórí bọ́ọ̀dù (pátákó ńlá inú laptop), ẹ tẹ bọ́tìnì ìtanná mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 30. Ẹ wá yọ RAM (pátákó kékeré tó jẹ́ ìrántí laptop), ẹ fi írésà nu ibi tó ń dán bíi wúrà, ẹ dá a padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì máa fi ṣájà dán laptop wò. Bí RAM kò bá wọlé, ẹ má fi tipátipá tì í: àlàfo oríṣi RAM tó ń jẹ́ DDR3 àti ti DDR4 ò sí lójú kan náà.

Àǹtí Bíọ́lá
Bọ̀dá Rẹ̀mí ò dé ibi fáìlì oníbàárà, ibẹ̀ sì ni ìjà ti máa ń bẹ́. Ọ̀pọ̀ laptop Windows 11 ló ti fi BitLocker (àgádágodo Windows fún fáìlì) ti ara ẹ̀ láìjẹ́ pé ẹni tó ni ín mọ̀. Ẹ pààrọ̀ bọ́ọ̀dù, tàbí ẹ tún nǹkan ṣe nínú BIOS (ètò tó ń jí laptop kí Windows tó wọlé), ó lè ní kí ẹ mú kọ́kọ́rọ́ tó ní nọ́ńbà méjìdínláàádọ́ta wá. Inú àkáǹtì Microsoft ẹni tó ni ín ló sábà máa ń wà. Kó wá a jáde kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ o! Bí hard disk bá sì ń dún kà-kà-kà, ẹ pa á. Ẹ má ṣe chkdsk (àṣẹ Windows tó ń yẹ disk wò) sí i, torí bó ṣe ń yí ló ń ba fáìlì jẹ́ sí i.

Ìyá Tóyìn, Abẹ́òkúta
Ẹ ṣeun gan-an. Ìwé-ẹ̀rí yẹn ńkọ́?

Ọ̀gá Kúnlé
Ìdánwò méjì ni A+, ìṣẹ́jú 90 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìbéèrè ò ju 90 lọ. Ẹ nílò 675 nínú àkọ́kọ́, 700 nínú ìkejì, nínú 900. Dọ́là ni wọ́n fi ń ṣírò owó ẹ̀, ọdún mẹ́ta ló sì ń lò. Ẹni tó fẹ́ wọ ọ́fíìsì tàbí tó ń lọ Ìlú Ọba, kó ṣe é. Oníbàárà tó gbé laptop wá sí ṣọ́ọ̀bù ò ní bi yín.

Ọ̀gá dára, kódà Abẹ́òkúta ni kí ẹ ti wá a, ẹ má fi owó mọ́tò Ìkẹjà há ara yín. Ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀: oṣù mélòó, ọjọ́ wo, àti pé ọwọ́ yín á kan iṣẹ́. Ibi tí wọ́n á ti máa rán yín lọ ra ọjà nìkan, ẹ kúrò níbẹ̀.

Fún ìdánrawò, ẹ ra òkú laptop tòkunbọ̀. Ẹ má rà á láti tà o: Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró ní October 14, 2025, Windows 11 sì ń béèrè TPM 2.0 (ẹ̀rọ ààbò kékeré inú laptop), ó sì ń kọ èyí tó pọ̀ jù nínú prósẹ́sọ̀ Intel tó ṣáájú ìran kẹjọ.

Sùlè
Sikúrù ló kù. Ẹ ya àwòrán ẹ̀yìn laptop sórí bébà, kí ẹ lẹ sikúrù kọ̀ọ̀kan mọ́ ojú ibi tí ẹ ti yọ ọ́. Èyí tó gùn, tó bá bọ́ sí ihò èyí tó kúrú, á gún ibi kíbọ́ọ̀dù yọ lókè tàbí kó ba bọ́ọ̀dù jẹ́. Okùn pẹlẹbẹ kíbọ́ọ̀dù náà, ẹ fi èékánná gbé ìdérí dúdú kékeré tó wà lẹ́nu ẹ̀ sókè kí ẹ tó fà á. Tó bá kán, ẹ ó nílò hot air yẹn nìyẹn.