Ewé Philodendron gloriosum mi ń di yẹ́lò, èyí tuntun ò sì ṣí: omi ni àbí afẹ́fẹ́?

ewe_aran:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi wò ó, gloriosum mi, ewéko tí mo ń gbìn sínú ilé, fẹ́ kú mọ́ mi lọ́wọ́. Oṣù kẹrin rèé tó ti wà lọ́dọ̀ mi, ewé mẹ́ta ló gbé wá, ewé ọ̀hún múlọ́ bí aṣọ àrán, iṣan funfun tó wà lára ẹ̀ mọ́ yòò, òun ni mo máa ń kọ́kọ́ lọ wò láàárọ̀ kí n tó bọ́jú. Inú ike kékeré kan ló wà nígbà tó dé, mo wá ní kí n fún un láyè, mo gbé e sínú ìkòkò ńlá kan tó jìn dáadáa, yẹ̀pẹ̀ inú báàgì ni mo rọ sí i, mo ri igi ẹ̀ mọ́lẹ̀ kó lè dúró torí ṣe ló kàn ń dùbúlẹ̀, mo tún ki ọ̀pá bọ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ pé kó máa gùn ún. Gbogbo Sátidé ni mo ń bomi sí i.

Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, ewé ìsàlẹ̀ ti di yẹ́lò pátápátá. Ìkejì ní àpá búráùn kan tí etí ẹ̀ pọ́n rúsúrúsú. Èyí tuntun ti ká jọ bí ẹní láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò ṣí. Ẹnì kan ní òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́ torí ewé náà ti rọ, mo bá fi kún omi, kò yàtọ̀. Mo ń fi ìgò kékeré fọ́n omi sí ewé ẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́. Hygrometer mi, ẹ̀rọ tó ń wọn ọ̀rinrin afẹ́fẹ́, ń ka 48%. Fèrèsé wà ní bíi mítà méjì sí i. Kí ni mo ṣe tí kò dáa?

abe_ferese:
Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Lójú tèmi, afẹ́fẹ́ inú ilé yín ló gbẹ jù. Ewé tó ká jọ tí kò lè ṣí, bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn tí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ bá kéré, awọ tó bò ó á gbẹ mọ́ ọn lára, ewé á há sínú. 60% sí 70% ló ń bá tèmi lára mu, humidifier kékeré kan, ẹ̀rọ tó ń fi ọ̀rinrin kún afẹ́fẹ́, ni mo gbé sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Àmọ́ ẹ dákun ẹ fi omi fífọ́n yẹn sílẹ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni afẹ́fẹ́ á fi tutù, á tún gbẹ padà, omi á sì jókòó sínú irun wẹ́wẹ́ orí ewé, ibẹ̀ ni àpá búráùn ti ń bẹ̀rẹ̀. Ewé tó dà bí àrán ò fẹ́ omi lójú rárá.

aroni_inu_ile:
Ẹ má bínú abe_ferese, òótọ́ lẹ sọ nípa omi fífọ́n yẹn, àmọ́ èmi ò rò pé afẹ́fẹ́ nìdí ọ̀rọ̀. 48% kéré sí i lóòótọ́, kò kéré débi tí ewé á fi pọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ibi tí ewe_aran ti sọ pé òun ri igi ẹ̀ mọ́lẹ̀ ni àyà mi ti já.

Gloriosum kì í gun nǹkan. Ọ̀pọ̀ mọ̀lẹ́bí ẹ̀ ló ń gun igi, òun ṣe ló ń ràkò nílẹ̀. Nínú igbó Kòlóńbíà níbi tó ti wá, orí ewé jíjẹrà ló máa ń nà gbọọrọ lé, igi ẹ̀ tó nípọn yẹn á wà lójúde níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ sí i, abẹ́ ẹ̀ nìkan ni gbòǹgbò ti ń jáde wọ ilẹ̀. Tí ẹ bá ri igi yẹn sínú yẹ̀pẹ̀ tó tutù, jíjẹrà ló máa jẹrà. Ìkòkò ńlá tún dá kún un, torí gbòǹgbò tó wà níbẹ̀ ò tíì pọ̀ tó láti fa omi inú gbogbo yẹ̀pẹ̀ yẹn, ìsàlẹ̀ á máa rin gbindin fún ọjọ́ pípẹ́, gbòǹgbò ò sì ní rí èémí mí. Ohun tó wá ń tan èèyàn jẹ nìyí: gbòǹgbò tó ti jẹrà ò lè mu omi mọ́, ewé á rọ bíi pé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, olówó ẹ̀ á tún lọ bu omi sí i, bẹ́ẹ̀ omi yẹn náà ló ń pa á.

Ẹ yọ ọ́ lónìí, ẹ má dúró de Sátidé. Ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ṣan yẹ̀pẹ̀ kúrò kí ẹ fọwọ́ tẹ gbòǹgbò ẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Èyí tó le tó sì funfun, ó wà láàyè. Èyí tó rọ̀ pẹ̀tẹ̀, tó ń rùn, tí ara ẹ̀ bó sí yín lọ́wọ́ tó ku òwú tín-ín-rín, ó ti lọ. Ẹ fi sípíríìtì nu ọ̀bẹ kí ẹ gé e, bí igi ẹ̀ náà bá ti rọ̀ ẹ gé e títí dé ibi tí inú ẹ̀ mọ́, ẹ má ṣojú àánú sí i torí ìwọ̀nba tí ẹ bá fi sílẹ̀ ló máa tàn ká. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ o. Oje ẹ̀ ní èròjà kan tí wọ́n ń pè ní calcium oxalate nínú, ó máa ń yún èèyàn lára, bí ọmọdé tàbí ajá tàbí ológbò bá jẹ ẹ́, á ta á lẹ́nu gan-an.

ewe_aran:
Ẹ̀gbọ́n, mo ti yọ ọ́. Òórùn tó jáde níbẹ̀ kò ṣeé ròyìn. Ìlàjì igi ẹ̀ ti di búráùn, mo gé e lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó débi tó mọ́, gbòǹgbò méjì péré ló kù, èyí tó gùn jù ò ju ìka mi lọ. Ewé kan ló kù tó dáa àti èyí tó ká jọ yẹn. Ṣé ó ṣì lè yè é? Omi jábọ́ lójú mi nígbà tí mo ń gé e.

aroni_inu_ile:
Á yè é. Igi tó le, gbòǹgbò méjì, ewé kan, ojú èèhù kan, ìyẹn ti tó o.

Ẹ jẹ́ kí ojú ibi tí ẹ gé gbẹ fún wákàtí mélòó kan. Ẹ wá sphagnum moss, ìyẹn ewédò gbígbẹ tí wọ́n fi ń gbin nǹkan, ẹ rẹ ẹ́ sómi, ẹ fún un dáadáa títí tí kò fi kán mọ́, ẹ tẹ́ ẹ sínú ike funfun tó ní ìdérí tí èèyàn lè wò gba ara ẹ̀. Ẹ gbé igi náà LÉ E LÓRÍ, gbòǹgbò nìkan ni kó wọnú moss. Ẹ dé e, kí ẹ máa ṣí i díẹ̀ lójoojúmọ́ kí atẹ́gùn wọlé. Ẹ má fún un ní ajílẹ̀ rárá báyìí, gbòǹgbò wo ló fẹ́ fi jẹ ẹ́? Àti mítà méjì sí fèrèsé yẹn, ó jìnnà jù. Ìmọ́lẹ̀ ló ń fi dáná oúnjẹ, ẹ sún un mọ́ fèrèsé níbi tí oòrùn ò ti ní ràn sí i lára tààrà, tàbí kí ẹ gbé iná LED sókè orí ẹ̀ ní bíi 30 cm, wákàtí 12 lójúmọ́.

tutu_lo_fe:
Ẹ jẹ́ kí n fi kan kún un kí ẹ tó dé e mọ́nú ike. Àpá búráùn orí ewé kejì yẹn, ṣé ẹ yí i wò lábẹ́? Ẹ tan iná fóònù sí i. Tí ẹ bá rí ibi tó ń dán bíi fàdákà tí nǹkan dúdú wẹ́wẹ́ wà lórí ẹ̀, tàbí kòkòrò funfun tóóró tí kò gùn tó 2 mm tó ń rìn, thrips nìyẹn, mo sì ti pàdánù ewéko mẹ́rin sọ́wọ́ wọn torí pé mo rò pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni èèyàn ń fọ́n oògùn. Inú ẹran ewé ni wọ́n ń yé ẹyin sí, oògùn ò lè débẹ̀, àwọn mìíràn á já bọ́ sínú yẹ̀pẹ̀ láti lọ pa ara dà, bí ẹ ṣe ń pa àwọn tẹ́ ẹ rí làwọn tuntun ń jáde. Ọjọ́ márùn-ún sí méje síra wọn ni kí ẹ máa fọ́n ọn, ó kéré tán fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, bí ẹ ò tiẹ̀ rí kòkòrò kankan mọ́. Ewé tó dà bí àrán kì í fẹ́ràn ọṣẹ akòkòrò tó bá le jù, ẹ kọ́kọ́ dán an wò níwọ̀nba ibì kan fún ọjọ́ méjì.

ewe_aran:
Mo yí i wò, mi ò rí kòkòrò, mo sì ti gé ewé yẹn dànù. Ẹ ṣeun gan-an ni.

ewe_aran:
Ọ̀sẹ̀ márùn-ún rèé, mo ní kí n wá ròyìn. Gbòǹgbò tuntun márùn-ún ló ti jáde, funfun báláú, mo ń rí wọn lára ike! Ewé tó há yẹn ti ṣí, etí ẹ̀ ya lápá kan, kò dùn mí, nígbà tó tẹ́ sílẹ̀ tán tí iṣan funfun yẹn hàn ni mo wá mọ ìdí tí Édouard André fi sọ ọ́ ní gloriosum ní 1876, ológo ni lóòótọ́. Ìgbà wo ni kí n gbìn ín? Ìkòkò ọjọ́sí ṣì wà nílẹ̀.

abe_ferese:
Inú mi dùn o! Ẹ ò rí i pé gbòǹgbò ni, mo gbà fún aroni.

aroni_inu_ile:
Ẹ kú oríire! Ẹ jẹ́ kí gbòǹgbò yẹn tó bíi 5 cm kí ó sì máa yọ ẹ̀ka, ẹ tó gbìn ín. Ìkòkò ọjọ́sí yẹn, ẹ gbé e fún ewéko mìíràn. Èyí tó gùn bí àpótí tí kò jìn, tó sì ní ihò nísàlẹ̀, ló bá a mu. Ẹ po èèpo igi tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ mọ́ perlite (òkúta funfun wẹ́wẹ́ tó fúyẹ́), èédú díẹ̀, àti yẹ̀pẹ̀ tí kò ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ, kí omi lè là á kọjá kíá. Ẹ ti ìka bọ̀ ọ́ kí ẹ tó bomi, ẹ gbàgbé Sátidé. Tó bá wá kan àtigbìn, ẹ gbé e sí ìpẹ̀kun kan kí ojú èèhù ẹ̀ kọjú sí ibi tí àyè gbọọrọ wà, torí ọ̀hún ló ń lọ.