Spinner RV-6 mi ti sán, ṣé kí n fi fáíbà ṣe òmíràn fúnra mi?

Awakọ̀Houston: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. RV-6 ni mo ní, ọkọ̀ òfuurufú kékeré tí èèyàn máa ń kàn fúnra ẹ̀, mo rà á lọ́wọ́ ẹni tó kàn án, ẹ́ńjìnì O-320, propeller onígi. Spinner ẹ̀, ìyẹn ìdérí ṣóńṣó tó bo ìdí propeller níwájú, ti sán níbi igun tí wọ́n gé fún apá propeller, ó sì ti ń là lọ sídìí skúrù kan. Èyí tí wọ́n ń tà ò bá a mu torí ìdí propeller onígi yìí nípọn ju ti irin lọ. Ṣé kí n ṣe òmíràn ni àbí kí n kàn lẹ èyí pọ̀ kí n máa fò lọ?

BàbáFáíbà: Àbúrò, jọ̀ọ́ má gbé ìyẹn lọ sókè o. Ẹ́ńjìnì yẹn ń yí tó ìgbà 2,700 ní ìṣẹ́jú kan, nǹkan tí ò ju gíráàmù 10 lọ tó bá fi sẹ̀ntímítà 15 jìnnà sáàárín, bíi kílò 12 ló ń fi fà síta, wá ro ohun tí odidi ègé fáíbà máa ṣe tó bá já tó sì kan igi yẹn. Ṣùgbọ́n má jù ú nù, ara ẹ̀ lo ti máa yọ mọ́ọ̀dù tí wàá fi ṣe tuntun. Fi filler dí ibi tó sán àti ihò apá, fi sáńpépà ha á kó jọ̀lọ̀, fi wax pa á dáadáa, fi PVA lé e (omi tó máa ń gbẹ tí kì í jẹ́ kó lẹ̀ mọ́ ara), kó o wá gbé mọ́ọ̀dù jáde lára ẹ̀. Inú mọ́ọ̀dù yẹn lo máa tẹ́ aṣọ fáíbà àti epoxy (gọ́ọ̀mù tó máa ń gan) sí ní ìpele-ìpele, kí ojú òwú wọn máa dábùú ara, kí ibi skúrù àti etí ihò apá nípọn ju ibi tó kù lọ. Tó bá jẹ́ fóòmù funfun lo fẹ́ gbẹ́ sí ìrísí spinner dípò ìyẹn, epoxy nìkan ni o, gọ́ọ̀mù polyester máa jẹ fóòmù yẹn yọ́.

Sisi_Mẹkáníìkì: Ẹ̀gbọ́n ti sọ ọ́ dáadáa. Àmọ́ bùrọ̀dá, ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó jẹ́ kó sán, torí tẹ́ ò bá tún ìyẹn ṣe tuntun náà máa sán ni. Ẹ wo àwo tó wà níwájú propeller, tí ò bá fún mọ́ inú spinner dáadáa orí ẹ̀ á máa mì, skúrù ìdí á wá máa jìyà ẹ̀. Aluminium 2024-T3 ni kẹ́ ẹ fi ṣe àwo méjèèjì, ti iwájú àti ti ẹ̀yìn propeller. Igun ihò apá náà, ẹ jẹ́ kó rí roboto, igun mímú ni sísán ti ń bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi àyè sílẹ̀ kó má kan propeller rárá.

Awakọ̀Houston: Ẹ ṣé gan-an. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó wà láàárín gan-an kí n tó lu ihò skúrù? Àti FAA, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfuurufú ní Amẹ́ríkà ńkọ́, èmi kọ́ ni mo kàn án.

Sisi_Mẹkáníìkì: Ẹ pa magneto méjèèjì tó ń fún plọ́ọ̀gì níná, ẹ yọ plọ́ọ̀gì òkè sílíńdà kọ̀ọ̀kan, ẹ de ọkọ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ gbé nǹkan kan dúró síwájú, kí ẹnu bíró fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ṣóńṣó spinner, kẹ́ ẹ wá máa fọwọ́ yí propeller pẹ̀lẹ́. Tí ṣóńṣó yẹn bá ń rìn káàkiri, ẹ sún un títí á fi dúró lójú kan, ìgbà yẹn lẹ tó lè lu ihò. Ní ti FAA, ẹ lè fọwọ́ ara yín ṣe é, àyẹ̀wò ọdọọdún ni A&P (mẹkáníìkì ọkọ̀ òfuurufú tó ní ìwé àṣẹ FAA) máa buwọ́ lù, tàbí ẹni tó kàn án tó bá ní repairman certificate, ìyẹn ìwé àṣẹ FAA fún ẹni tó kàn án. Ẹ kọ ọ́ sínú logbook, ìwé àkọsílẹ̀ ọkọ̀ náà.

BàbáFáíbà: Kó o sì balance ẹ̀ pẹ̀lú propeller, kí ìwúwo wọn dọ́gba yíká, lẹ́yìn tó o bá kùn ún, ọ̀dà náà wúwo.