Ǹjẹ́ ó yẹ kí ẹnjinníà tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ gba oyè másításì civil engineering lórí ayélujára?

Òṣìṣẹ́ Sáìtì kọ:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ yìí, mo kí yín o. Mo ti gba oyè àkọ́kọ́ nínú civil engineering, láti ìgbà náà ni mo sì ti ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ kọngílá, níbi tí mo ti ń bójú tó pípo kọnkéré, dídi irin àti wíwọn ilẹ̀. Iṣẹ́ náà kò burú, àmọ́ ìṣírò ilé àti afárá gan-an ni ọkàn mi ń fà sí, mo sì ti ṣàkíyèsí pé àwọn tí wọ́n ń gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún sábà máa ń ní másításì. N kò lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ jókòó sínú ọgbà yunifásítì, nítorí pé owó oṣù mi ni àwọn kan gbójú lé. Ìdí nìyí tí mo fi ń ronú nípa èyí tí a ń kà lórí ayélujára.

Ohun mẹ́ta ló ń kọ mí lóminú. Báwo ni ẹni tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ṣe máa kọ́ nípa ilẹ̀, omi àti kọnkéré, tó jẹ́ pé nínú lábù ni a ti ń dán wọn wò? Ṣé àwọn ẹgbẹ́ tó ń fún ẹnjinníà ní ìwé àṣẹ àti àwọn tó ń gbani síṣẹ́ máa ka ìwé ẹ̀rí náà sí? Èwo ló sì yẹ kí n mú nínú èyí tó ní iṣẹ́ ìwádìí àti èyí tó jẹ́ kíláàsì nìkan? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Elétò Omi dáhùn:

Ẹ kú iṣẹ́ o. Orí ayélujára ni mo ti gba másításì tèmi nínú ẹ̀ka tó jẹ mọ́ omi, iṣẹ́ ni mo sì ń ṣe lójú ọ̀sán ní gbogbo àsìkò tí mo fi kà á. Civil engineering gbòòrò púpọ̀, nítorí náà ìdáhùn kan ṣoṣo kò lè bá gbogbo ẹ̀ka rẹ̀ mu. Ìṣírò ilé àti afárá, ìṣàn omi, ètò ìrìnnà ọkọ̀ àti àbójútó iṣẹ́ ìkọ́lé jẹ́ ẹ̀kọ́ tí ẹni tó wà nínú ọgbà yunifásítì pàápàá ń fi ìwé, bírò àti kọ̀ǹpútà ṣe fún èyí tó pọ̀ jù nínú àkókò rẹ̀, ẹni tó ń kà á láti ilé kò sì fi bẹ́ẹ̀ pàdánù nǹkan kan. Ní ẹ̀ka tèmi, ètò kọ̀ǹpútà HEC-RAS tí US Army Corps of Engineers ṣe la fi ń wo bí odò ṣe máa kún tó bí òjò bá pọ̀, òmíràn tó ń jẹ́ EPANET la sì fi ń ṣe ìṣírò omi inú páìpù. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì, ẹnikẹ́ni lè gbà wọ́n sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ kó sì máa fi dánra wò kó tó sanwó ilé-ẹ̀kọ́ rárá.

Ohun tó ń muni lómi ni àkókò, ó sì dùn mí pé àwọn tó ń polówó ẹ̀kọ́ yìí kì í sọ ọ́ síta tó. Nínú ECTS, ètò tí wọ́n fi ń ka kírẹ́dìtì ẹ̀kọ́ ní Yúróòpù, kírẹ́dìtì kan dúró fún iṣẹ́ wákàtí 25 sí 30, másításì sì sábà máa ń gba kírẹ́dìtì 60 sí 120. Bí ẹ bá mú èyí tó kéré jù, wákàtí 1,500 ni, ó kéré tán. Ẹni tó bá lè yọ wákàtí 10 sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ yóò lo ọ̀sẹ̀ 150, ìyẹn bí ọdún mẹ́ta láìka ìsinmi. Ẹ jẹ́ kí àwọn ará ilé yín àti ọ̀gá yín mọ iye yìí kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀.

Ẹ tún béèrè bóyá wọ́n máa ń gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ kí ẹ lè wò ó nígbà tó bá rọ̀ yín lọ́rùn, tàbí ẹ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Kọnkéré tí a ti bẹ̀rẹ̀ sí í dà kò ṣeé dá dúró nítorí kíláàsì.

Olùkọ́ Ìmọ̀ Ilẹ̀ dáhùn:

Ọ̀rọ̀ lábù ni mo fẹ́ sọ, nítorí ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ ni mo ń kọ́ni, mo sì ní akẹ́kọ̀ọ́ nínú kíláàsì àti lórí ayélujára. Ẹ jẹ́ kí a mú àyẹ̀wò triaxial, tí a fi ń mọ bí ilẹ̀ ṣe lágbára tó. A ó gé ilẹ̀ amọ̀ bí òpó kékeré, tó sábà máa ń fẹ̀ ní mílímítà 38 tó sì ga ní 76, a ó fi rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó, a ó gbé e sínú àgbá kékeré tó kún fún omi, a ó wá máa fún un mọ́ra láti gbogbo ẹ̀gbẹ́ kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ láti òkè títí yóò fi yẹ̀. Kí a tó tẹ̀ ẹ́, a gbọ́dọ̀ mọ̀ dájú pé omi ti kún gbogbo àlàfo inú rẹ̀. A ó fi agbára kún ti ìta, a ó sì wo bí ti omi inú rẹ̀ ṣe gòkè tó. Nígbà tí ìdíwọ̀n tí à ń pè ní B, ìyẹn bí ti omi inú ṣe gòkè tó tí a pín sí iye tí a fi kún ti ìta, bá tó 0.95, a lè máa bá iṣẹ́ lọ.

Fídíò tí wọ́n bá yà dáadáa lè fi gbogbo èyí hàn kedere ju bí akẹ́kọ̀ọ́ tó dúró sẹ́yìn àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú lábù ṣe lè rí i lọ. Lẹ́yìn náà a ó fún un ní àwọn nọ́ńbà tó jáde, òun fúnra rẹ̀ á ya àwọn òbìrípo Mohr, ìyẹn àwòrán tó ń fi agbára tó ń tẹ ilẹ̀ náà hàn, á sì ti ibẹ̀ mọ bí ilẹ̀ náà ṣe lágbára tó. Ohun tí fídíò kò lè fún un ni kí ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́: kó mọ̀ pé rọ́bà ti lu, pé omi ń jò, tàbí pé ẹni tó gé ilẹ̀ náà ti dà á rú débi pé kò yẹ kí a gba nọ́ńbà rẹ̀ gbọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń fọ́ kúùbù kọnkéré ní ọjọ́ 7 àti ọjọ́ 28 ní sáìtì láti mọ bó ṣe lágbára tó ti ní díẹ̀ nínú ìmọ̀lára yẹn, ìyẹn sì fi yín ṣáájú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé-ẹ̀kọ́.

Bí ó bá jẹ́ ìwádìí lórí ilẹ̀ ni ẹ fẹ́ ṣe, n kò ní gbà yín níyànjú láti ṣe gbogbo rẹ̀ lórí ayélujára. Ẹ wá ilé-ẹ̀kọ́ tó máa ń pe akẹ́kọ̀ọ́ wá sí lábù fún ìgbà díẹ̀.

Òṣìṣẹ́ Sáìtì kọ:

Ẹ ṣeun gan-an ni. Ìṣírò ilé àti afárá ni mo ti pinnu láti mú, nítorí náà ọ̀rọ̀ lábù ti fúyẹ́ lọ́kàn mi. Ó ku ti ìwé ẹ̀rí.

Ọ̀gá Ayàwòrán dáhùn:

Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ìṣírò àti àwòrán afárá ni mo ń darí, èmi ni mo sì ń gbani síṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ yẹ oyè àkọ́kọ́ yín wò, nítorí Washington Accord, àdéhùn ọdún 1989 tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè fi ń gba oyè ẹnjinníà ara wọn wọlé, oyè àkọ́kọ́ ló dá lé. Bí èyí bá mẹ́hẹ, ẹ má ṣe rò pé másításì nìkan máa dí ihò náà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ tí ẹ fẹ́ kó fún yín ní ìwé àṣẹ. Òfin wọn kò rí bákan náà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó ní BEng, ìyẹn oyè àkọ́kọ́ ẹnjinníà, tó sì fẹ́ di Chartered Engineer, ìyẹn ẹnjinníà tó ní ìwé àṣẹ níbẹ̀, nílò ẹ̀kọ́ síwájú sí i, másításì tí Joint Board of Moderators, ìgbìmọ̀ tó ń yẹ irú oyè bẹ́ẹ̀ wò, ti fọwọ́ sí sì ni ọ̀nà tó já gaara jù. Ní Amẹ́ríkà, ìdánwò àti ìrírí iṣẹ́ ni wọ́n fi ń di PE (Professional Engineer), ìyẹn ẹnjinníà tó ní ìwé àṣẹ, ṣùgbọ́n àwọn ìpínlẹ̀ kan máa ń ka másításì sí ọdún kan nínú ìrírí náà. Ẹ lọ wo orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ nínú àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ náà fúnra rẹ̀, kì í ṣe nínú ìpolówó ilé-ẹ̀kọ́. Àwọn yunifásítì tó lórúkọ bíi University of Illinois Urbana-Champaign, Columbia àti North Carolina State ń kọ́ ẹ̀kọ́ yìí lórí ayélujára, nítorí náà kò yẹ kí ojú tì yín láti sọ pé ibẹ̀ lẹ ti kà á.

Ní tèmi, n kì í béèrè ibi tí ènìyàn jókòó sí kàwé. Mo máa ń fún un ní bíìmù kan tó gùn ní mítà 6, tó kàn gbé orí lé òpó méjì, tí ẹrù kílónútọ̀n 20 sì wà lórí mítà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kó fi bírò wá bending moment, ìyẹn ipá tó ń tẹ bíìmù kọdọrọ, tó wà láàárín rẹ̀. 20 lọ́nà 6 lọ́nà 6, kí a pín in sí 8, yóò jẹ́ kílónútọ̀n-mítà 90. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń fi èsì kọ̀ǹpútà kan hàn án tó ní 60 ní ìkángun méjèèjì àti 30 láàárín. Mo ń retí kó sọ pé ẹni tó ya bíìmù yẹn sínú kọ̀ǹpútà ti dì í mọ́ òpó pinpin, nígbà tó yẹ kó fi í sílẹ̀ kó lè yí. Àwọn kan tó ní ìwé ẹ̀rí rẹpẹtẹ máa ń gba 60 náà gbọ́ nítorí pé kọ̀ǹpútà ló sọ ọ́. Irú àṣìṣe yẹn lè pa ènìyàn. Nítorí náà, ẹ béèrè ìwé ẹ̀kọ́ wọn kí ẹ tó sanwó, kí ẹ rí i pé wọ́n ń kọ́ ìdí tí finite element, ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà fi ń pín ilé sí wẹ́wẹ́ láti ṣe ìṣírò rẹ̀, fi ń ṣiṣẹ́, pé wọ́n ń fi ọwọ́ ṣe ìṣírò, kì í ṣe bí a ṣe ń tẹ bọ́tìnì nìkan.

Òṣìṣẹ́ Sáìtì kọ:

Ẹ ṣeun, ọ̀gá mi. Ó ku ìbéèrè kan: bí mo bá mú èyí tó ní iṣẹ́ ìwádìí, ṣé mo lè fi iṣẹ́ tí mo ń ṣe ní sáìtì ṣe é?

Olùkọ́ Ìmọ̀ Ilẹ̀ dáhùn:

Ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì sàn ju kí ẹ máa wá àkòrí kiri. Kírẹ́dìtì ibì kọ̀ọ̀kan yàtọ̀ sí ti ECTS: ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, másításì sábà máa ń jẹ́ kírẹ́dìtì 180, 60 nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti iṣẹ́ ìwádìí; ní Amẹ́ríkà, ó máa ń tó kírẹ́dìtì 30, ọ̀pọ̀ èyí tó wà lórí ayélujára níbẹ̀ kò sì ní iṣẹ́ ìwádìí rárá. Bí ẹ bá ní in lọ́kàn láti ka PhD lọ́jọ́ iwájú, ẹ mú èyí tó ní in. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, èyí tó jẹ́ kíláàsì pẹ̀lú iṣẹ́ kékeré kan ní ìparí tó fún ẹni tó fẹ́ wọ ọ́fíìsì ìṣírò.

Kí ẹ tó lo nọ́ńbà kankan láti sáìtì, ẹ gba ìyọ̀ǹda kọngílá àti ti ẹni tó ni iṣẹ́ náà ní kíkọ sílẹ̀, nítorí mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ní kó yọ gbogbo àtẹ rẹ̀ kúrò nígbà tó ti kọ ìwé náà tán. Kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ déètì, bí ojú ọjọ́ ṣe gbóná tó àti ìpo kọnkéré kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èsì kúùbù yín láti ìsinsìnyí, torí ẹ kò ní lè rántí wọn mọ́ nígbà tí alábòójútó bá béèrè.